"Inflammable" kì í ṣe ohun tí kò lè gbiná

Ẹ̀yin ará, ẹ má gba ohun tí wọ́n ń pín kiri yẹn gbọ́, pé "flammable" ni ohun tó ń gbiná, "inflammable" sì ni èyí tí iná kò lè ràn. Ewu ńlá ni! Ọ̀kan náà ni méjèèjì: ohun tó tètè ń gbiná, bí epo bẹntiróòlù. "In" yẹn kì í ṣe ti "incorrect", tó ń sọ pé nǹkan "kò" rí bẹ́ẹ̀, rárá. Inú "inflammare" ti èdè Látìnì ló ti wá, ìyẹn kí a ti iná bọ nǹkan. Èyí tí kì í gbiná ni wọ́n ń kọ "non-flammable" sí lára. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n ń pín kiri yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè yọ ọ́ kúrò, kí ẹnì kan má baà gbé agolo tínà (èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà) tí wọ́n kọ "inflammable" sí lára sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.