Ọmọ ti gba abẹ́rẹ́, ìyá ńkọ́?

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́. Kòkòrò HPV, tí ń ràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀, ló wà nídìí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, àrùn tó pa nǹkan bí 350,000 obìnrin káàkiri àgbáyé ní 2022. A kan sáárá sí ìjọba lórí abẹ́rẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn kò kàn án. Bí kòkòrò náà bá ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, ó lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ, láìsí pé ibì kankan ń dùn ún. Àyẹ̀wò nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀.

Àyẹ̀wò ọ̀hún kò sì le. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi òwú kan omi kíkan, irú èyí tó wà nínú fínígà, sí ẹnu ilé-ọmọ. Láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ibi tó fẹ́ bàjẹ́ á funfun. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré tó ń gbóná jó o lójú ẹsẹ̀, kí obìnrin náà sì padà sídìí ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ẹni tí wọn kò mọ àrùn rẹ̀ àfìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, tí ẹbí ń ta ilẹ̀ nítorí owó ìtọ́jú. Ó ń dùn wá.

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2020 ni pé kó tó di 2030, kí 90 nínú 100 ọmọbìnrin ti gba abẹ́rẹ́, kí 70 nínú 100 obìnrin sì ti ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó pé ọdún 35, kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó pé 45. Rwanda bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tiwọn ní 2011. Inú ilé ìwé ni wọ́n gbé e gbà, wọ́n sì wá àwọn ọmọ tí kò sí nílé ìwé lọ sí àdúgbò wọn. Ní Òṣogbo, ta ló ń wá ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀?

Àwọn kan ń sọ pé abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọmọ di àgàn. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí obìnrin ti ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun láti ayébáyé, a kò gbọdọ̀ fi irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí àwọn ìyálọ́jà, àlùfáà àti pásítọ̀ ṣàlàyé fún àwọn òbí pé jẹjẹrẹ gan-an ló lè mú kí dókítà yọ ilé-ọmọ obìnrin.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sí Ọjà Ọba àti Ìgbọ̀nà lọ́jọ́ ọjà. Kí owó rẹ̀ wọ ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì lẹ iye obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri ilé ìwòsàn, lóṣooṣù, níbi tí gbogbo ìlú ti lè kà á.