Kì í ṣe torí pé ó péye ni Football Manager fi tọ́jọ́

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Football Manager, géèmù kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ti ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹnìkan ò ní ṣàì sọ pé pípéye rẹ̀ ló mú un tọ́jọ́. Wọ́n á ní àwọn tó ṣe é ti mọ ọmọ tí yóò di ìràwọ̀ kí ẹgbẹ́ ńlá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, àti pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí ńlá wà nínú géèmù náà, mi ò jiyàn ìyẹn. Lọ́dún 2008, ẹgbẹ́ Everton bá Sports Interactive, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù náà, ṣàdéhùn kí Everton lè máa lo àkójọ agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì máa ń tọ́ka sí Will Still, tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Reims ní ilẹ̀ Faransé, pé géèmù ló kọ́ ọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó lọ kọ́ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ní Myerscough College ní England, ó sì ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò fídíò ìdíje ní Belgium kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́.

Ẹ wo ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Paul àti Oliver Collyer, ló ṣe Championship Manager nílé wọn ní Shropshire ní England, ó sì jáde lọ́dún 1992. Nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ Eidos, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gbé géèmù náà jáde, lọ́dún 2003, orúkọ náà kù sọ́wọ́ Eidos, tiwọn sì di Football Manager. Nínú ti ọdún 1992 yẹn, kò sí orúkọ agbábọ́ọ̀lù gidi kankan. Kọ̀ǹpútà ló ń so orúkọ pọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ló sì ń ròyìn ìdíje. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn fi oorun sílẹ̀ ṣe é.

Títí di òní, àwọn kan ṣì ń ṣe Championship Manager ti sáà 2001/02, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tún orúkọ inú rẹ̀ ṣe kó lè bá sáà tuntun mu. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀. Wọ́n á dárúkọ Tonton Zola Moukoko, ọmọ Kóńgò tó dàgbà ní Sweden, tí kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ àgbà Derby County ní England. Wọ́n á dárúkọ Cherno Samba, ọmọ Gambia tó wà ní Millwall, tó di ọba agbábọ́ọ̀lù nínú géèmù. Ní ayé gidi, ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí géèmù gbé e dé. Ti Tó Madeira, ti ẹgbẹ́ Gouveia ní Pọtogí, ló wá kọjá àfẹnusọ. Kò sí ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé rárá! Ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí géèmù náà ló fi í síbẹ̀, tó sì fún un ní máàkì gọbọi. Àwọn mẹ́ta yìí tí géèmù ṣe àṣìṣe nípa wọn ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń fi ìfẹ́ rántí jù.

Bí ènìyàn bá sì ṣe é dé nǹkan bí ogún sáà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí a mọ̀ ni yóò ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tí kọ̀ǹpútà dá sílẹ̀ á sì gba ipò wọn. Ní àkókò yẹn, kò sóhun tó jọ òótọ́ mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ kì í lè fi í sílẹ̀.

Ohun tó ń mú wọn dúró tì í, ní tèmi, ni pé ẹ ò lè fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Nínú FIFA tàbí PES tí àwọn ọmọ wa ń gbá ní ilé géèmù, páàdì wà lọ́wọ́ yín. Bí bọ́ọ̀lù ò bá wọlé, àtàǹpàkò yín ló jẹ̀bi. Níbí, ẹ ó yan ọmọ mọ́kànlá, ẹ ó sọ bí wọn yóò ṣe dúró, ẹ ó sì jókòó máa wò. Ẹni tí ẹ kó gbogbo owó ẹgbẹ́ rà á gbá pẹnárítì sókè. Ọmọ tí ẹ fẹ́ tà lọ́la á wọlé, á sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 89. Géèmù kì í sọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà. Ẹ̀yin lẹ máa rò ó, kí oúnjẹ alẹ́ yín tó tutù, ẹ ti hun ìtàn ayé rẹ̀ tán, ẹ ò sì ní tà á mọ́.