Job Charnock kọ́ ló tẹ Kolkata dó o

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn pé ta ló tẹ ìlú Kolkata dó ní Íńdíà, Job Charnock ni wọ́n á pè fún yín, Òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ fún East India, kọ́ńpìnnì oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1690 ló gúnlẹ̀ sétí odò Hooghly, pé igbó àti irà lásán ló bá níbẹ̀, òun ló wá sọ ọ́ dìlú. Inú máa ń bí mi gan-an tí mo bá gbọ́ ọ, torí kì í ṣòótọ́.

Ibi tó gúnlẹ̀ sí yẹn gan-an lórúkọ, Sutanuti ni wọ́n ń pè é. Suta ni òwú, nuti sì ni ìdì òwú tí wọ́n ti ká jọ, ọjà òwú nibẹ̀ kí Charnock tó dé, ta ló sì ń ná ọjà nínú igbó tí ò séèyàn? Àwọn ìdílé Seth àti Basak tó ń ṣòwò aṣọ ti wà lágbègbè yẹn tipẹ́, ìgbà tí iyẹ̀pẹ̀ dí odò Saraswati tí ọkọ̀ ò lè dé ọjà ńlá Saptagram mọ́ ni wọ́n kó wá sísàlẹ̀ odò, wọ́n tẹ̀ dó sí Gobindapur, wọ́n ń bá àwọn Potogí ṣòwò. Abúlé mẹ́ta ló para pọ̀ di Kolkata, ẹ̀kẹta wọn ni Kalikata, orúkọ ẹ̀ sì ti wà nínú Ain-i-Akbari, ìwé tí wọ́n kọ láàfin Akbar ọba Mughal, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí Charnock tó dé.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìṣákọ́lẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 1698 ni kọ́ńpìnnì yẹn san rúpì 1,300 fún ìdílé Sabarna Roy Choudhury, àwọn tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí kọ́ńpìnnì náà lè máa gbà á ní abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Charles Eyre, ọkọ ọmọ Charnock, ló wà nídìí ẹ̀, torí Charnock fúnra ẹ̀ ti kú láti ọdún 1693! Tó bá jẹ́ pé igbó ni lóòótọ́, ọwọ́ ta ni wọ́n fẹ́ ti gba ìṣákọ́lẹ̀?

Ìdílé yẹn ò dákẹ́ o. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù ní 2001, ilé ẹjọ́ gíga Calcutta (orúkọ tí wọ́n ń pe Kolkata tẹ́lẹ̀) ní káwọn òpìtàn yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó di oṣù karùn-ún 2003 kóòtù là á mọ́lẹ̀ pé Charnock kọ́ ló dá ìlú náà sílẹ̀, àti pé ìlú yẹn ò ní ọjọ́ ìbí kankan.

Mi ò sọ pé Òyìnbó ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n fi ṣe olú ìlú Íńdíà títí di 1911, àtọdún 1855 ni ilé iṣẹ́ jute tí wọ́n fi ń hun àpò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún etí odò yẹn. Àmọ́ ibi tí wọ́n kọ́ Fort William tuntun, odi ológun wọn, sí lẹ́yìn ogun Plassey tí kọ́ńpìnnì yẹn ṣẹ́gun ọba Bengal ní 1757, Gobindapur ni, wọ́n kó àwọn ará abúlé kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí wọ́n tó kọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n lé yẹn ni wọ́n tún ń sọ pé wọn ò sí níbẹ̀ rí.

Sàréè Charnock ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì St. John's nínú ìlú náà. Òkúta tí wọ́n fi bò ó ni onímọ̀ òkúta kan, Thomas Holland, yẹ̀ wò ní 1893 tó fi sọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní charnockite, irú ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ tiwa níbí, ní Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì.