Èsì sí Alhaja tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì lórí iṣẹ́ iná alẹ́ tó ṣáájú Ojúde Ọba

Alhaja, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo o.

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ látòkè délẹ̀. Ẹ ní ẹ pè wá lóru nígbà tí Ojúde Ọba ku ọ̀la, pé a gba ₦22,000 lọ́wọ́ yín, a sì fi ilé yín sílẹ̀ láìsí iná NEPA. Ẹ ní ọmọ àbúrò yín mọ ọgbọ́n tí iná ì bá fi tàn kíákíá, èmi ni mo kọ̀. Ẹ ní ẹran Iléyá wà nínú fíríìsà, àlejò kún ilé, aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ti ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yín, kò tíì rí áyọ́ọ̀nù, oníná tó bá mọṣẹ́ kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá ọlọ́dún.

Mo kọ̀ lóòótọ́, Alhaja. Bí ẹ bá tún pè mí lóru òní, tí mo bá ohun tí mo bá nílé yín lọ́jọ́ náà, màá tún kọ̀. Ariwo pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ọ̀hún níbí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò yín. Ìjẹ̀bú-Òde kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, ohun tí ẹ fi hàn mí ni sọ́kẹ́ẹ̀tì fíríìsà tó ń rùn. Ẹ ní kí n pààrọ̀ rẹ̀ kí n máa lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà jóná, ẹnu rẹ̀ ti yọ́, ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n gílóòbù pálọ̀ ni ojú mi wà lára rẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn gílóòbù àtijọ́ tó ń pọ́n yẹ́lò, ó sì ń tàn débi pé ojú ò gbà á. Fáànù òkè orí ń sáré àsápajúdé. Bẹ́ẹ̀, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn, gílóòbù ibẹ̀ ń ṣẹ́jú rẹ́súrẹ́sú, ó ku díẹ̀ kó kú. Ilé kan náà, mítà kan náà. Ẹnì kan wà lókè tó ń áyọ́ọ̀nù aṣọ. Bí áyọ́ọ̀nù yẹn bá ti gbaná, gílóòbù pálọ̀ nísàlẹ̀ á tún mọ́lẹ̀ sí i. Bó bá já, á rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ké sókè pé kí wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù, wọ́n ní oníná tó fẹ́ ba ọdún jẹ́ ti dé. (Ẹ ṣeun tí ẹ kò tíì yọ gílóòbù àtijọ́ yẹn. Àwọn tuntun tó ń tàn funfun wọ̀nyí kì í sọ nǹkan kan fún èèyàn títí wọ́n á fi kú.)

Mo gbé tẹ́sítà mi tó ń wọn iná jáde, ọmọ àbúrò yín ló bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹ bi í. Féèsì ni wáyà tó ń gbé iná wọlé, mẹ́ta ni tiyín; neutral ni wáyà tí iná ń gbà padà. Féèsì pupa sí neutral, 318 fólítì. Yẹ́lò, 124. Búlúù, 285. Ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní àyíká 230. Mo wá wọn féèsì sí féèsì: 400, ó pé pérépéré. Ẹni tó bá ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló ti mọ̀. Kò sí ohun tó ṣe féèsì kankan. Neutral ló já, tàbí ẹnu ibi tí wọ́n ti so ó ti jẹrà tán.

Ẹ wo kánópì tí wọ́n ta síwájú ilé yín fún ọdún. Òpó kan wà láàárín, okùn mẹ́ta fà á sí ọ̀nà mẹ́ta. Níwọ̀n ìgbà tí ìdí òpó bá rì sínú ilẹ̀, bí okùn kan bá le ju èkejì lọ, òpó ò ní kúrò níbi tó wà. Ẹ hú ìdí rẹ̀ nílẹ̀ wò: ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ti fà á jù ló máa wọ́ sí. Neutral ni òpó yẹn, féèsì mẹ́ta ni okùn. Áyọ́ọ̀nù àti fíríìsà wà lórí féèsì yẹ́lò, ẹrù ibẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fa iná, pọ̀, òpó wọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, iná ibẹ̀ rẹlẹ̀ sí 124. Pálọ̀ tó wà lórí pupa kò ní ẹrù púpọ̀, òun ni òpó sá fún, iná ibẹ̀ fò lọ sí 318. Tẹlifíṣọ̀n àti dìkódà yín, orí pupa ni wọ́n wà. Ohun tó pa wọ́n nìyẹn, wọ́n sì ti kú kí n tó dé.

Mo tú ibi tí neutral ti so mọ́ inú bọ́ọ̀dù yín, mo fi ìmọ́lẹ̀ wò ó: ó mọ́, ó le dáadáa. Mo wọn ọ́n lójú wáyà tó ń ti ẹ̀yìn mítà wọlé, ìṣirò kan náà ló fún mi. Ó di pé àṣìṣe wà lọ́dọ̀ mítà tàbí lókè òpó iná NEPA níta. Síìlì wà lára mítà, n kò sì fọwọ́ kàn án. Láti mítà padà sẹ́yìn, kì í ṣe ti onílé, kì í sì í ṣe temi. Oníná àdáni tó bá gun òpó yẹn lóru, nínú òjò, wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń gbé iná. Bó bá ṣubú, ẹ̀yin ni wọ́n máa bá lójúde.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọgbọ́n ọmọ àbúrò yín, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti bínú sí mi. Ó ní kí n mú wáyà earth, èyí tó so ara ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀, kí n fi ṣe neutral, pé bí wọ́n ṣe ṣe é níbi tí òun ń gbé nìyẹn. Mo mọ ọgbọ́n náà. Ó wọ́pọ̀ ní ìgboro yìí, láti Ìtá Ọ̀ṣun títí dé Ìmọ̀wò, mo sì ti tú u nínú ilé tí kò níye. Iná á tàn. Gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ ì bá pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ṣùgbọ́n iná tó bá lọ gbọ́dọ̀ padà sí tàránsífọ́mà. Bí ẹ bá gba neutral kúrò, tí ẹ sì fi earth dípò rẹ̀, inú ilẹ̀ ló máa gbà padà, láti ara irin bàbà kan ṣoṣo tó rì sẹ́yìn ilé yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò. Ilẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́ bíi wáyà. Ká ní irin yẹn ní 10 ohm (ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà), tí ilé sì ń fa ámúpù 10 (ámúpù la fi ń wọn iná tó ń ṣàn), tó jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù méjì àti fíríìsà ti tó bẹ́ẹ̀: 10 lọ́nà 10, 100 fólítì ló máa jókòó sára irin yẹn, àti sára gbogbo ohun tí wọ́n so mọ́ earth nílé. Ara fíríìsà. Ara pọ́ńpù kànga. 50 fólítì ni àwa oníná kà sí ààlà fún ara gbígbẹ, bí ọwọ́ bá tutù kò tó bẹ́ẹ̀. Alhaja, ta ló ń fi ọwọ́ tútù ṣí fíríìsà lọ́jọ́ náà láti kó ẹran? Mo rí wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi dúró nínú omi abọ́. Bírékà ò sì ní já o, torí lójú ti bírékà, ámúpù 10 kò ju iṣẹ́ òòjọ́ lọ.

Ẹlòmíràn ní kí n yí gbogbo ilé sórí féèsì kan ṣoṣo. Ẹ̀rín ló pa mí. Neutral kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Nítorí náà ni mo ṣe já iná NEPA nídìí méènì, mo yí ṣéńjófà sí jẹnẹrétọ̀, mo sì pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná àti wáyà tó wọ inú rẹ̀. Wáyà 1.5, tó tínrín, tó jẹ́ ti gílóòbù, ni ẹni tó ṣe iná ilé yín fà síbẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ sì ń fi kẹ́tù sí. Kẹ́tù tó bá jẹ́ 3,000 wọ́ọ̀tì ń fa ámúpù 13. Mo fi 2.5, tó nípọn jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wo àwọn tó kù kí òjò ọdún yìí tó tán. Kò pọn dandan kó jẹ́ èmi. Ẹ kọ ọ́ pé mo ń ti jẹnẹrétọ̀ kiri. Bẹ́ẹ̀ ni. Abẹ́ fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọdé sùn sí ló wà, mo sì tì í lọ sẹ́yìnkùlé. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín ẹ̀rọ yẹn kò ní òórùn, ẹni tó sùn kì í mọ̀. Fíríìsà méjèèjì ṣiṣẹ́ mọ́jú, kò sí ẹran tó bàjẹ́, wọ́n sì áyọ́ọ̀nù aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lórí owó: ₦12,000 ni owó ìpè òru àti àyẹ̀wò, mo sì sọ ọ́ fún yín lórí fóònù kí n tó gbéra. ₦10,000 tó kù ni owó sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà àti bírékà kan, ìwé ọjà wà nínú rìsíìtì yín. Ẹ ní oníná tí ẹ mọ̀ ní Èkó kì í gba tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá aago méjìlá òru ló fi ń gbà á. Pé mi ò tètè gbé ìpè yín àkọ́kọ́, orí àkàbà ni mo wà.

Ohun kan kò sí nínú ohun tí ẹ kọ, mo sì mọ̀ pé ẹ ti wà lójúde ààfin nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ni òpó dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ojúde Ọba, mo sì padà wá dúró tì wọ́n. Ibi tí bàbà ti pàdé alumíníọ̀mù lórí òpó ni wọ́n tú: ẹnì kan ti lọ́ méjèèjì pọ̀ lásán, kò lo kílíǹpù tó yẹ, òjò ti sọ ọ́ di ẹtù funfun. Ó fọ́ sí ọmọ àbúrò yín lọ́wọ́, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán, mo tún wọn ọ́n: 228, 231, 226. Kí n tó dá iná padà sílé nìyẹn. N kò gba kọ́bọ̀ fún ìpadàwá yẹn.

Fún ẹ̀yin tó kù tí ẹ ń kà á: bí gílóòbù bá ṣàdédé mọ́lẹ̀ jù níbì kan tí òmíràn ń kú lọ, ẹ lọ pa méènì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ má yí féèsì, ẹ má tẹ fíúsì. Oníná tó bá pààrọ̀ ohun tó jóná láìgbé tẹ́sítà jáde, ẹ sọ fún un pé kó dúró ná. Ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá fẹ́ gbé ilé yín lé lọ́wọ́, títí kan èmi. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ṣọ́ fólítì, tó ń já iná fúnra rẹ̀ bó bá ga jù tàbí bó bá rẹlẹ̀ jù. Ilé tó ń lo féèsì mẹ́ta láìní in, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè.

Alhaja, n kò lè san owó tẹlifíṣọ̀n àti dìkódà, torí kì í ṣe ọwọ́ mi ló bà wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ìwé àyẹ̀wò sílẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tí mo wọn lóru àti lọ́sàn-án ọjọ́ kejì wà nínú rẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú. Òun ni kí ẹ fi ti ẹ̀sùn yín lẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ni òpó, pẹ̀lú fọ́tò tí ọmọ yẹn yà. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rán an wá gbà á lọ́jọ́ tó bá wù yín, àyàfi ọ̀sán Jímọ̀, tí a máa ń tì.