Ṣájà Aláìníwáyà, Onígba Wáyà

Ẹ̀yin èèyàn mi, fáàrí tuntun ti wọ̀lú o. Tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó lówó lọ́wọ́ l'Ékòó, ẹ ó wo bàtà ẹ̀, ẹ ó wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó parí. Ní báyìí, bó ṣe ń ṣáàjì fóònù ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá ṣì ń ki wáyà bọ fóònù nídìí bíi tèmi, mẹ̀kúnnù ni. Tó bá jẹ́ ṣe ló rọra gbé e lé pléètì róbótó kan, tó wá jókòó tì í tó ń ṣọ́ ọ bí ẹni gbé mílíìkì kaná, ẹ dọ̀bálẹ̀ jàre, ọlọ́lá lẹ rí yẹn.

Bọ̀bọ́ yàrá kẹta ní kọ́ḿpáńdì wa ra tiẹ̀ lóṣù tó kọjá, gbogbo wa la gbọ́. Ẹni tí kì í jẹ́ kéèyàn yọjú sí yàrá òun, òun ló wá ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó dáadáa, ò sí wáyà o!" Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Wáyà funfun kan jáde nídìí pléètì, ó gba ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì, ó wọnú ẹ̀kísitẹ́ńṣọ̀n, ẹ̀kísitẹ́ńṣọ̀n náà tún ní wáyà tiẹ̀ tó lọ sára ògiri. Mo ní àbúrò, kí wá nìwọ̀nyí? Ó ní ìyẹn ò kan fóònù.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nínú pléètì yẹn fún yín. Wáyà bàbà ni! Wọ́n ká a bí òṣùká, wọ́n sì ká òmíì sẹ́yìn fóònù. Tí iná bá ń yí nínú òṣùká ìsàlẹ̀, á di agbára òòfà, òòfà yẹn lá jí iná dìde nínú tòkè. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Faraday ti rí ọgbọ́n yìí n'Ílú Ọba látọdún 1831. Wáyà ò lọ síbì kankan, wọ́n kàn ká a pa mọ́ ni. Ẹ sì mọ̀ pé òṣùká ò gba jágbajàgba, tẹ́rù ò bá jókòó sáàárín ẹ̀, ó di ilẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Friday kan, bọ̀bọ́ gbé fóònù lé e ní 12%, ó sùn, ẹnì kan pè é lóru, fóònù gbọ̀n rìrì, ó sún bí ìka méjì, ìgbà tílẹ̀ máa mọ́, 9% ló bá níbẹ̀.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Nokia Lumia 920 ti ní nǹkan yìí látọdún 2012, ta ló yangàn? Ìgbà tí iPhone 8 gbé e dé ní 2017 lojú wá là. Qi ni wọ́n ń pè é, wọ́n á ní "chee", ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni, èémí ló túmọ̀ sí. Èémí tí NEPA lè gbà lẹ́nu ẹ nígbàkígbà sha.

Àti pé iná tó ń ti òṣùká bọ́ sí òṣùká yẹn, apá kan ń di ooru dànù ni. Látìgbà tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn ará Band A, àwọn tí wọ́n ní iná wọn máa ń pẹ́ jù, dé 225 náírà lórí yúníìtì kan ní April 2024, mo rò pé kálukú á máa ṣọ́ná lò ni, àṣé àwọn kan fẹ́ máa fi yá fóònù lẹ́yìn. Apple fúnra ẹ̀ sọ pé tí fóònù bá gbóná jù, ó lè má ṣáàjì kọjá 80%. Nínú yàrá tí fáànù ò yí ńkọ́? Àwọn Apple yìí kan náà ló kéde pléètì ńlá tó máa gba nǹkan mẹ́ta pọ̀ ní 2017, nígbà tó di March 2019 wọ́n ní kò dé ìwọ̀n táwọn fẹ́, wọ́n bá gbé e jù sílẹ̀.

Ó dáa ní tiẹ̀ o, mi ò ní parọ́. Ẹni tí ojú ṣájà fóònù ẹ̀ ti bàjẹ́ lè sá di í kó tó rówó lọ Computer Village, pléètì kan náà á sì gba Samsung á gba iPhone. Èyí tí fóònù ń fún fóònù lọ́mú ni mi ò lè gbà. Mo rí obìnrin méjì níbi ìnáwó kan tí wọ́n na fóònù wọn léra lẹ́yìn-sẹ́yìn lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan, ìrẹsì tutù, ọbẹ̀ dì, nígbà tí wọ́n máa gbé e, èyí tó ń fúnni lọ́mú ti fẹ́ gbẹ, èyí tó ń mu ò sì yó.

Lánàá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé ni mo gbọ́ kọ̀ọ́kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀bọ́ ni, ó gbé pléètì sáyà bí ọmọ tára ẹ̀ ò yá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní wáyà Type-C kan tẹ́ ẹ lè yá mi? Eku ti gé tèmi jẹ."

Mo wo wáyà tèmi tí mo ti fi sẹ́lótéèpù dì lójú mẹ́ta, mo wo òun náà.

"Wáyà kẹ̀? Ṣebí o ní ò sí wáyà?"