Ará Amẹ́ríkà tó kó lọ sí Jámánì kò tíì bọ́ lọ́wọ́ owó orí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín yìí lè ti èèyàn sínú gbèsè. Ẹ ní ará Amẹ́ríkà tó ń gbé Jámánì, tó sì ń san owó orí níbẹ̀, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ṣì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ibi yòówù kó máa gbé, òfin owó orí wọn ṣì dè é.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í san kọ́bọ̀. Lọ́dún 2024, ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n lè yọ owó iṣẹ́ tó tó $126,500 kúrò nínú èyí tí Amẹ́ríkà máa gba owó orí lé lórí. Ṣùgbọ́n inú ìwé owó orí tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí IRS náà lèèyàn ti ń béèrè fún un.

Ti báǹkì gan-an ló ń dùn wọ́n. Bí àpapọ̀ owó inú gbogbo àkáǹtì wọn lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà bá kọjá $10,000 lọ́jọ́ kan péré láàárín ọdún, FBAR, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń jábọ̀ àkáǹtì òkèèrè fún ìjọba Amẹ́ríkà, di dandan, ì báà jẹ́ owó ilé tó kàn gba ibẹ̀ kọjá. Látàrí FATCA, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2010 lórí àkáǹtì òkèèrè, àwọn báǹkì òkèèrè náà ń ròyìn àkáǹtì wọn. Àwọn báǹkì mìíràn kì í tiẹ̀ fẹ́ rí wọn sójú. Èèyàn á kọ fọ́ọ̀mù tán, òṣìṣẹ́ á rí New York níbi tí wọ́n kọ ìlú ìbí sí, ó parí nìyẹn.

Àwọn tiwa tó gba ìwé ìlú Amẹ́ríkà tí wọ́n padà sí Ìbàdàn náà ńkọ́? Ó kàn wọ́n.