Ọjọ́ àkọ́kọ́ téèyàn jáwọ́ nínú oògùn, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó wà

Lọ́jọ́ tí ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún bá là á mọ́lẹ̀ pé òun kò ṣe mọ́, inú àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń dùn débi pé wọn kì í rántí béèrè bó ṣe fẹ́ ṣe é. Wọ́n á ní kó ṣọkàn akin. Wọ́n á da ìyókù inú ìgò nù, wọ́n á gba fóònù àti owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ yàrá, pé bó bá ti lè la ọjọ́ mẹ́ta kọjá, àbùṣe ti bùṣe. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í rí ọjọ́ kẹta yẹn.

Ohun tí à ń sọ kò lọ́jú pọ̀. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tí ara fi ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọtí tàbí oògùn, iṣẹ́ dókítà ni. Ìjọba tó bá ní ilé ìwòsàn gbogbogbò gbọ́dọ̀ ya ibùsùn, nọ́ọ̀sì àti oògùn sọ́tọ̀ fún un níbẹ̀, kí ọlọ́pàá kankan má sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọtí bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń fojú kéré jù. Ọtí a máa fa iṣẹ́ ọpọlọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń mu ún lámujù lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọpọlọ rẹ̀ á ti mọ́ ọn lára láti máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ, kó lè bá ọtí náà dọ́gba. Bí ọtí bá wá dáwọ́ dúró lójijì, eré yẹn kò dúró, kò sì sí ohun tó ń fà á sẹ́yìn mọ́. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àyà á máa já, oorun á dá lójú. Gìrì lè gbé e láàárín wákàtí 6 sí 48. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ohun tí wọ́n ń pè ní delirium tremens, ìyẹn kí ọpọlọ dàrú kí ara sì máa gbọ̀n, lè dé. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Sutton, ló sọ àìsàn náà lórúkọ lọ́dún 1813, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì sí ìmọ̀ ìṣègùn. Nígbà tí ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì gún régé, àwọn tó ń kú nínú àwọn tó bá mú a máa tó 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí ìtọ́jú bá wà lónìí, wọn kì í sábà tó 5.

Nínú yàrá tí wọ́n tì pa, báyìí ló ṣe máa ń rí. Lóru ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà ń ṣa kòkòrò tí ẹlòmíì kò rí kúrò lára aṣọ ìbora rẹ̀. Ó ń bá ẹni tó ti kú tipẹ́ sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ gbóná, aṣọ ọrùn rẹ̀ tutù rinrin fún òógùn, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn gbà pé ọgbọ́n ló ń dá kí wọ́n lè ṣí i sílẹ̀. Ẹlòmíì á ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wá dákẹ́, wọ́n á ní oorun ló gbé e lọ.

Ká ní wọ́ọ̀dù lọkùnrin kan náà yìí wà ni, nọ́ọ̀sì ì bá máa wá bá a ní wákàtí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́. Á ní kó na apá méjèèjì síwájú kó sì ya ìka, á wo bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n tó. Á bi í bóyá èébì ń gbé e, bóyá nǹkan ń rìn ín lára, bóyá ó ń gbọ́ ohùn, á bi í ní ọjọ́ tí òní jẹ́. Ohun mẹ́wàá ni bébà náà ń wò. CIWA-Ar lorúkọ rẹ̀, ó sì ti wà láti ọdún 1989. Máàkì tó bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kí wọ́n fún un ní diazepam tàbí chlordiazepoxide, àti ìwọ̀n tí wọ́n máa fún un. Oògùn wọ̀nyí á di ọpọlọ tó ń sáré náà mú, wọ́n á sì máa dín in kù lójoojúmọ́ títí tí kò fi ní nílò rẹ̀ mọ́. Wọ́n á tún gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1, torí ó sábà máa ń dín lára ọ̀mùtí, àìtó rẹ̀ sì lè ba ọpọlọ jẹ́ débi pé èèyàn kò ní rántí ohun tó ṣe láàárọ̀ mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó jẹ́ tuntun, kò sì sí èyí tó gba ẹ̀rọ ńlá. Ohun tó ń bí wa nínú gan-an nìyẹn.

Oògùn oorun àti oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ bíi diazepam fúnra rẹ̀ ń ṣe bákan náà. Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gìrì lè tẹ̀lé e. Dídín in kù díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ni, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù.

Ti heroin, codeine àti tramadol tún yàtọ̀. Imú á máa ṣomi, egungun á máa ro, inú á máa lọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Fún ẹni tó ń lo heroin, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, gbogbo rẹ̀ sì lè gba ọjọ́ 4 sí 10. Ìrora yẹn fúnra rẹ̀ kì í sábà pani, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sí ẹni tó ń fún un lómi, omi ara rẹ̀ á gbẹ, ó sì lè kú. Àwọn èèyàn ti kú bẹ́ẹ̀ nínú àtìmọ́lé, lójú àwọn wọ́dà tó gbà pé ohun tójú rẹ̀ wá lójú rẹ̀ ń rí.

Síbẹ̀, ewu tó tún ju èyí lọ ń bẹ níwájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí oògùn ti kúrò lára, agbára tí ara ní tẹ́lẹ̀ láti gbé e ti lọ. Ìwọ̀n tó ń lò lóṣù tó kọjá tí ojú rẹ̀ kò yí padà, ó lè dá èémí rẹ̀ dúró báyìí. Ìdí nìyí tí a kò fi ní bá àwọn tó ń pọ́n fífọ oògùn kúrò lára lé bíi pé òun ni ìwòsàn pa ohùn pọ̀. Ọsibítù tó bá fọ èèyàn mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tó wá ṣí géètì fún un kó máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo, lè ti fi í sínú ewu tó ju èyí tó bá a lára rẹ̀ lọ. Kó tó kúrò lórí ibùsùn ló ti yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ methadone tàbí buprenorphine, ìyẹn oògùn tí dókítà fi ń rọ́pò heroin àti irú rẹ̀, fún ẹni tó bá yẹ, kí wọ́n sì ti fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní naloxone, oògùn tó ń dá èémí padà fún ẹni tó lo heroin tàbí irú rẹ̀ lámujù, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ó lè wà nílé bí èémí bá fẹ́ dáwọ́ dúró.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: oògùn lẹ tún fi rọ́pò oògùn. A ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí Vincent Dole àti Marie Nyswander ti gbé iṣẹ́ wọn lórí methadone jáde ní New York lọ́dún 1965. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi methadone àti buprenorphine sínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí lọ́dún 2005. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1995 ni àwọn dókítà àdúgbò ti láǹfààní láti kọ buprenorphine fún aláìsàn. Nígbà tó máa fi di ọdún 1999, iye àwọn tí heroin ń pa nítorí àlòjù ti fi 79 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹni tó bá ní ọ̀nà mìíràn tó gbẹ̀mí là tó bẹ́ẹ̀, kó mú un wá.

Ọ̀nà àbùjá kan tún wà tó yẹ ká kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀: àwọn tó ń polówó pé àwọn á fi oògùn oorun kun èèyàn, tó bá fi máa jí, oògùn ti kúrò lára rẹ̀. Nínú èèyàn 75 tí ilé ìtọ́jú kan ṣe é fún ní New York lọ́dún 2012, méjì kú, márùn-ún mìíràn dèrò ọsibítù. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má ṣe é. Ká má wá sọ ti àwọn ilé tó ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ṣe ìtọ́jú. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, àjọ méjìlá lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé jọ sọ̀rọ̀ pọ̀ pé kí àwọn ìjọba ti ilé àfipáṣe bẹ́ẹ̀ pa. Èyí tó bá ṣì wà ní ṣíṣí, àwa náà ní kí wọ́n tì í.

Ọ̀rọ̀ owó àti ibùsùn kì í ṣe àwáwí lásán, a gbà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò ibùsùn. Ẹni tí tirẹ̀ kò le, tó ní ẹni tó gbọ́n tó lè bá a gbélé, lè gba oògùn tirẹ̀ nílé kí nọ́ọ̀sì sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Àwọn tó yẹ kí ibùsùn wà fún ni ẹni tí gìrì ti gbé rí nígbà tó fẹ́ jáwọ́, ẹni tó ní àìsàn mìíràn lára, ẹni tó ń da oògùn pọ̀ mọ́ ọtí, àti ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni nílé. Aláboyún tó ń lo heroin tàbí irú rẹ̀ tilẹ̀ tún yàtọ̀: wọn kì í sọ pé kó jáwọ́ lójijì, methadone tàbí buprenorphine ni wọ́n ń fi mú un dúró, nítorí ọmọ inú rẹ̀.

Èyí tó kan ẹ̀yin ará ilé rèé. Bí ọ̀mùtí yín bá ń jí lówùúrọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n àfi tó bá kọ́kọ́ mu díẹ̀, ẹ má gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì kí dókítà tó rí i. Ẹ mú un lọ, kí ẹ sì sọ iye tó ń mu gan-an, láìfi ìtìjú gé e sí méjì. Bó bá ti dá a dúró tẹ́lẹ̀, tí gìrì gbé e tàbí tó ń rí ohun tí kò sí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ní ti ìjọba, a fẹ́ kí òfin sọ ọ́ pé ohun tí aláìsàn bá sọ fún dókítà nípa oògùn tó ń lò kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé èyíkéyìí tó bá ń gba irú èèyàn wọ̀nyí láìní dókítà, kí ọsibítù má sì fọwọ́ sí ìwé ìlọsílé ẹnikẹ́ni láìkọ orúkọ ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa pàdé, kí ó sì jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.